Ibi Tí Orí Ọta Kọ Sí

Kí bàbá ọkọ mi tó di bàbá ọkọ mi, olùkọ́ mi ni wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi ní iṣẹ́ òkúta nílé ẹ̀kọ́ gíga. Lójú wọn, "Olùkọ́" là ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá ti kẹ̀yìn, "Bàbá Olókùúta" ni. Tí wọ́n bá gbé òkúta kalẹ̀ sórí tábìlì, wọn kì í fẹ́ ká dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù ṣe ń ṣàpèjúwe ọmọ fún ọlọ́pàá. Ìyá kì í sọ pé èèyàn ni ọmọ òun. Ọlọ́pàá ti mọ ìyẹn." A ó sì bẹ̀rẹ̀: àwọ̀ rẹ̀, bí hóró inú rẹ̀ ṣe tóbi tó, ohun tó so hóró mọ́ hóró, bó ṣe le tó bí a bá fi ìṣó ha á. Ọdún kejì tí mo lò lọ́dọ̀ wọn ni mo pàdé àbíkẹ́yìn wọn, ó wá tún fíríìjì yàrá ìṣèwádìí wa ṣe. Ọkọ mi ò mọ òkúta yàtọ̀ sí búlọ́ọ̀kù títí di òní. Bàbá máa ń ṣàwàdà pé ọmọ àwọn ò jogún òkúta, ṣùgbọ́n ó gbọ́n tó láti lọ fẹ́ ẹ wálé.

Àpáta tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé wà lórí òkè kan tó ga débi pé kùrukùru máa ń jókòó lé e lórí lọ́sàn-án gangan. Àpáta alámùúlùmálà ni. Ẹni tó bá rí i á rò pé bíríkìlà kan ló po kọnkéré tó pọ̀ jù, tó bínú fi í sílẹ̀ kó gan síbẹ̀: ọta odò funfun, ọta pupa, ọta dúdú, òmíràn tóbi bí orí ọmọdé, òmíràn kéré bí ẹ̀wà, iyanrìn tó ti le koko ló dè wọ́n pọ̀. Odò ló yí wọn roboto. Ṣùgbọ́n odò náà ti gbẹ láti ìgbà tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni láyé tó lè fún un lórúkọ, ilẹ̀ tó gbà kọjá sì ti gbéra sókè di òkè.

Bàbá ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan tó ga fíofío, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Agùntáṣọọ́lò. Wọ́n wọn ọta, wọ́n ka irú tó pọ̀ jù, wọ́n sì rí i pé àwọn ọta pẹlẹbẹ inú rẹ̀ fẹ̀yìn ti ara wọn bí ìwé tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú àpótí. Bí odò ṣe máa ń ṣe ọta pẹlẹbẹ nìyẹn. Omi á máa tì wọ́n títí orí wọn á fi kọ sí ibi tí omi ń lọ, wọ́n á sì dúró bẹ́ẹ̀. Lórí òkè yẹn, ìwọ̀ oòrùn ni orí ọta kọ sí. Ní ti ọjọ́ orí, wọ́n fi í wé àpáta mìíràn tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì fojú bù ú sí ogójì mílíọ̀nù ọdún.

Ohun kan wà tí wọ́n rí nígbà náà tí wọn ò lè lò. Láàárín àpáta yẹn, ìlà funfun kan wà tí kò nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Eérú ni. Òkè oníná kan ló tú u sójú ọ̀run nígbà tí odò yẹn ṣì ń ṣàn. Ó balẹ̀ sórí ọta, ọta mìíràn sì bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn hóró tíntìntín wà nínú irú eérú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde nínú iná. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó lè wọn bí wọ́n ṣe yí padà tó, ó ti mọ ọjọ́ orí eérú, ó sì ti mọ ti àpáta. Láyé ìgbà èwe Bàbá, kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nítòsí. Nísinsìnyí ó wà, iléeṣẹ́ mi sì ní kí n lọ bu eérú náà wá. Ẹni méjì péré ló mọ ibi tó wà. Agùntáṣọọ́lò ti kú, èmi gan-an wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Ó ku Bàbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, Ìyá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, ló ń bá Bàbá de bọ́tìnnì aṣọ òtútù wọn. Mo rò pé ìfẹ́ àgbà ni. Nígbà tí Bàbá wọlé lọ mú fìlà, Ìyá fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, má jẹ́ kí wọ́n máa nìkan rìn lọ síwájú."

"Ìyá, àwọn ló mọ̀nà o."

"Mo mọ̀. Síbẹ̀ náà, má jẹ́ kí wọ́n kúrò lójú ẹ."

Ẹnu wọn ṣí bíi pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan kún un, ni Bàbá bá jáde pẹ̀lú fìlà, ẹnu náà sì padé. Mo rí i. Mo kàn rò pé ẹsẹ̀ Bàbá ni wọ́n ń ṣàníyàn lé lórí.

Awakọ̀ iléeṣẹ́ wa gbé wa dé ibi tí ọ̀nà ọlọ́dà pin sí, ó ní òun á dúró dè wá. Láti ibẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìwọ̀ oòrùn òkè la gùn, ó rọra ń ga, kò le púpọ̀. Bàbá ń gùn ún bí ẹni tí wọ́n ń pè nílé oúnjẹ. Èmi ni mò ń mí gúlegúle lẹ́yìn. Orí òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko bò ó, àpáta sì ń yọjú níbí àti lọ́hùn-ún láàárín koríko bí eegun ẹ̀yìn ẹran tó rù. Ṣùgbọ́n ní apá ìlà oòrùn, òkè náà já lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan níbẹ̀, ògiri ni. Mo lọ yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo sì yára padà sẹ́yìn nítorí ìsàlẹ̀ jìnnà débi pé igi ibẹ̀ dà bí ewébẹ̀.

Bàbá ò ṣì í rárá. Wọ́n kọjá àpáta kan, wọ́n kọjá èkejì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò kan tí àgbàrá gbẹ́, wọ́n fọwọ́ hú koríko, ìlà funfun sì yọ. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni ń kí ẹ̀gbọ́n.

"Ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi," wọ́n ní.

Mo ṣàpèjúwe rẹ̀. Wọ́n tún apá kan ṣe fún mi nínú ohun tí mo sọ, wọ́n sì tọ̀nà. A bu eérú sínú àpò ọ̀rá méjì, mo ya àwòrán àpáta náà láti ìsàlẹ̀ dókè, ìpele dé ìpele, títí fóònù mi fi kú. N ò bìkítà. Bàbá ló gbé kọ́ńpáàsì kọ́rùn wá, ọ̀nà sì hàn gbangba níwájú wa.

Ìgbà tí a gòkè jáde nínú ihò yẹn ni a ò rí ọ̀nà mọ́. Kùrukùru ti dé. Ó dé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kò sí atẹ́gùn, kò sí òjò. Mo na ọwọ́ mi síwájú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ìka mi.

"Kò sí wàhálà," ni Bàbá wí. "Kọ́ńpáàsì wà lọ́wọ́ mi. Tẹ̀ lé mi."

Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n rìn síwájú, wọ́n dúró, wọ́n gbé ọwọ́ súnmọ́ ojú, wọ́n yà sí ọ̀tún. A tún rìn, wọ́n tún wo ọwọ́ wọn, wọ́n yà sí òsì. Ní ìgbà kẹta tí wọ́n yà, mo dúró. Ìwọ̀ oòrùn kì í rìn kiri. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ kì í yà tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ dá yín lójú?"

"Àbúrò, ṣé bí mo bá wí fún ẹ, o kì í gbọ́ ni?"

Bàbá ò pè mí ní àbúrò rí. Ìyàwó ni mo ń jẹ́ nílé wọn láti ọjọ́ tí mo ti wọ̀ ọ́. Mo sún mọ́ wọn, mo wo ohun tí wọ́n gbé dání. Kì í ṣe kọ́ńpáàsì. Dígí kékeré tí a fi ń wo hóró òkúta ni. Inú dígí lásán ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà, wọ́n sì ń mi orí bí ẹni tó ń rí i kà.

Ara mi bù máṣọ. Mo wá kọ́ńpáàsì lọ́rùn wọn, kò sí. Mo wò ó lápò wọn, kò sí. Ó lè jẹ́ ibi eérú la fi í sí, ibi eérú sì ti wọ inú kùrukùru lọ pẹ̀lú gbogbo ayé yòókù.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká jókòó síbí títí á fi ṣí."

"Ká jókòó kẹ̀? Nígbà tí wọ́n ń dúró dè wá?" Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n fetí sílẹ̀, ojú wọn sì tàn. "O ò gbọ́ ni? Agùntáṣọọ́lò ń pè wá. Ó ti dé ibi mọ́tò, alágídí yẹn. Ó ti ṣáájú wa."

N ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo fetí sílẹ̀, kí n má purọ́. Mo fetí sílẹ̀ nínú funfun yẹn bíi pé òkú tí mo rí nínú pósí lójú ara mi lè pè wá lóòótọ́, orí mi sì wú títí dé ìpàkọ́. Bàbá dáhùn pé, "À ń bọ̀ o," wọ́n sì ṣísẹ̀ síwájú kíákíá.

Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Bàtà mi ta ọta kan. Mo gbọ́ tí ọta náà yí lórí àpáta, kò, kò, kò, lẹ́yìn náà kò sí ohùn mọ́. Mo dúró. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ ọ, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ẹni fi èékánná kan ilẹ̀kùn.

Etí ògiri la wà.

Bàbá wà níwájú mi, ìbàdí wọn nìkan ni mo rí, àwọsánmà ti jẹ orí àti ẹsẹ̀ wọn. Mo fò mọ́ wọn, mo di bẹ́líìtì wọn mú, mo sì fi gbogbo ìwúwo ara mi fà wọ́n sẹ́yìn. Àwa méjèèjì ṣubú sórí koríko. Òkúta wẹ́wẹ́ ń yọ lẹ́sẹ̀ Bàbá, wọ́n ń bọ́ sínú òfìfo, n ò sì tún dúró gbọ́ ìgbà tí wọ́n balẹ̀.

Mo rò pé èyí tó burú jù ti kọjá. Bàbá dìde lórí eékún, wọ́n yí ojú sí mi, n kò sì mọ ojú náà mọ́. Ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú òkùnkùn ni. Wọ́n fa òòlù yọ ní ìbàdí, òòlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń fọ́ àpáta, wọ́n sì gbé e sókè.

"Ta ni ẹ́?"

"Bàbá, èmi ni. Ìyàwó yín ni."

"Ìyàwó mi wà nílé. Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Ta ló rán ẹ tẹ̀ lé mi dé ibí?"

"Ìyàwó ọmọ yín, Bàbá. Onífíríìjì."

"N ò bí onífíríìjì kankan."

Etí ògiri ṣì wà nítòsí, n ò mọ apá ibi tó wà mọ́ tàbí bó ṣe súnmọ́ tó. Bí mo bá sá, inú òfìfo ni mo lè sá sí. Bí mo bá jà, àgbàlagbà ni wọ́n, àwọn ló sì lè jábọ́. Mo rántí ọmọ mi kékeré, mo rántí pé mo fi aṣọ rẹ̀ sórí okùn, èrò yẹn sì dẹ́rù bà mí ju òòlù lọ, nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ẹni tó fẹ́ kú máa ń rántí.

N ò mọ ohun tó fi ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́. Mo pẹ́ dé kíláàsì. N ò gbọ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe àpáta yìí."

Òòlù ò tíì wálẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí," wọ́n wí nígbẹ̀yìn, "oorun á pa yín."

"Ẹ má bínú, sà."

"Àpáta wo?"

Mo fọwọ́ tẹ àpáta tó yọ lábẹ́ mi. "Èyí, sà."

Òòlù sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fi ìka wá ojú àpáta náà bí afọ́jú ṣe ń wá ojú ọmọ rẹ̀, ohùn wọn sì padà sí ohùn tí mo mọ̀.

"Alámùúlùmálà. Ọta rẹ̀ roboto, ó ti bá omi rìn jìnnà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta funfun líle, díẹ̀ jẹ́ pupa. Wọ́n fara kan ara wọn, iyanrìn kàn dí àlàfo ni. Kí ni mo máa ń sọ nípa ọta?"

"Pé ọta kì í ṣe ọ̀tá, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwàdà kíláàsì wọn àtijọ́ ni. "Ó dáa. Àwọn pẹlẹbẹ ńkọ́? Gbé ọwọ́ ẹ wá." Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n sì fi í lé ẹ̀gbẹ́ àwọn ọta pẹlẹbẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "O rí i? Wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀. Orí wọn kọ síbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni omi ń lọ. Ibẹ̀ ni ìwọ̀ oòrùn."

Ìgbà náà ni mo tó lóye ohun tí wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Ìwọ̀ oòrùn ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a gùn wá, ìwọ̀ oòrùn ni mọ́tò wà. Òdìkejì ibi tí Bàbá ń sáré lọ ni.

Mo tú okùn àpò mi, mo so apá kan mọ́ bẹ́líìtì wọn, mo so èkejì mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Mo ní, "Olùkọ́, àpáta kan tún wà níwájú tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún mi." A rìn sí ibi tí orí ọta kọ sí, mò ń fi ẹsẹ̀ tọ ilẹ̀ wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àpáta mìíràn kan bàtà mi, mo ní kí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látorí "Alámùúlùmálà" bíi pé wọn ò rí i rí láyé. A tún gbéra.

N ò lè sọ iye àpáta tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Láàárín àpáta kan àti èkejì ni ẹ̀rù máa ń gbé mi mì, nítorí nígbà náà ni wọ́n ń dákẹ́, tí wọ́n ń gbọ́ nǹkan. Okùn á le lọ́wọ́ mi, màá mọ̀ pé wọ́n ti ń yà síbi ohùn náà. Màá yára béèrè ọ̀rọ̀: "Olùkọ́, kí ló ń jẹ́ kí ọta di pupa?" Wọ́n á dáhùn, okùn á sì dẹ̀. Mo béèrè ohun tí mo mọ̀, mo béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Bí ìbéèrè bá tán lẹ́nu mi, mi ò mọ ẹni tí wọ́n á tún rò pé mo jẹ́.

A wá dé ibi àpáta kan tó ga tó àyà. Mo fọwọ́ wá ọta rẹ̀ fúnra mi, mi ò tilẹ̀ dúró de Bàbá mọ́, mo ti rò pé mo mọ̀ ọ́n. Orí ọta inú rẹ̀ kọ sí ọ̀tún pátápátá. Mo dá ara mi lẹ́bi pé a ti ṣìnà, mo sì fa okùn láti yà sí ọ̀tún.

"Níbo lò ń lọ?" Bàbá ò kúrò lójú kan.

"Ibi tí orí wọn kọ sí, sà."

"O ò tíì ṣàpèjúwe rẹ̀, o ti gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀." Wọ́n fa ọwọ́ mi padà sórí àpáta náà. "Wá ìlà iyanrìn tó wà láàárín ọta. Báwo ló ṣe wà?"

Mo wá a. Ó dúró ṣánṣán láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé iyanrìn máa ń dùbúlẹ̀ lóòró?"

"Rárá, sà."

"Àpáta yìí kò sí nílé ara rẹ̀. Ó já láti ibòmíràn, ó yí, ó ṣubú síbí. Ọmọ tó já bọ́ ni. Má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rìn." Wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í, ó sì mì díẹ̀ lórí ilẹ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀, láìpariwo, nítorí ká ní mo ti yà sí ọ̀tún, mi ò mọ ibi tí ǹ bá gbé wọn lọ. A lọ tààrà. Àpáta tó tẹ̀ lé e wà nílé ara rẹ̀, orí ọta rẹ̀ sì kọ síwájú. Láìpẹ́, mo kíyè sí i pé orúnkún mi ń dùn mí bí ó ṣe máa ń dùn mí bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ ti ń rọra lọ sísàlẹ̀. Kùrukùru di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo rí bàtà ara mi, mo rí bàtà Bàbá, mo gbọ́ fèrè mọ́tò tí awakọ̀ ń fọn léraléra.

"Àǹtí, mo ti ń fọn ọ́n látọ̀sán," ni awakọ̀ wí nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo okùn tó so èmi àti Bàbá pọ̀, kò sì béèrè nǹkan kan. Bàbá wọ mọ́tò, wọ́n ní òtútù ń mú àwọn, wọ́n sì sùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Ìyá ní ilé ìdáná. Wọ́n ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

"Ó ti tó ìgbà wo?" mo béèrè.

Wọn ò díbọ́n. "Ó lé lọ́dún kan. Ó máa ń wá, ó máa ń lọ. Èmi ni mò ń bá wọn gbé fóònù, kí ẹ má baà mọ̀."

"Ìyá, à bá ti kú."

"Mo mọ̀." Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀. "Mo rò pé bí wọ́n bá rí àpáta yẹn, iyè wọn á sọjí. Ẹ̀rù ló bà mí, Ìyàwó. Bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, ó ṣì lè jẹ́ ìgbàgbé àgbà lásán."

Mo ti múra ọ̀rọ̀ líle sílẹ̀ ní gbogbo òru. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ wọn nínú omi, bó ṣe hunjọ, mo sì gba kànìnkànìn lọ́wọ́ wọn, mo bá wọn fọ abọ́ mímọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n gba eérú náà ní yàrá ẹ̀rọ, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ṣa àwọn hóró inú rẹ̀ lábẹ́ dígí. Nígbà tí èsì dé, mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún ọdún ló sọ, kì í ṣe ogójì. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún Bàbá, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iyè wọn jí pépé ni mo bá wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n béèrè irú hóró tí wọ́n lò, wọ́n béèrè bí a ṣe mọ̀ pé kì í ṣe hóró àtijọ́ tí odò gbé wá láti ibòmíràn ló kó sínú rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Mo dáhùn, wọ́n sì ronú sí i.

"Nígbà náà, mo ti sọ ọ́ di àgbà ṣáájú ọjọ́ rẹ̀," wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí ikùn wọn fi ń mì. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ní kí n sáré lọ pe Agùntáṣọọ́lò kí òun náà wá gbọ́.

Láti ìgbà náà la ti ń ti géètì ní ọ̀sán àti ní òru, kí Bàbá má baà nìkan jáde. Èmi pẹ̀lú ti padà sórí òkè yẹn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí iṣẹ́ ò lè dúró, kọ́ńpáàsì méjì sì wà lọ́rùn mi nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí kùrukùru bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, màá sọ̀kalẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì gbà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi tú fíríìjì aládùúgbò wa kan palẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó na ọwọ́ sí mi láìwo ẹ̀yìn, ó ní, "Bá mi mú..." ó sì dúró. Irinṣẹ́ tó fi ń yẹ iná wò nínú wáyà lójoojúmọ́ ló fẹ́ gbà, tó ti ń lò látìgbà tó ti wà ní ọmọṣẹ́. "Bá mi mú nǹkan... nǹkan yẹn..."

Ọwọ́ rẹ̀ wà ní nínà. Mo mọ ohun tó ń wá, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mi ò mú un. Mi ò sì dárúkọ rẹ̀. Mo dúró, mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mò ń retí kó rí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

"Tẹ́sítà," ó wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Mo gbé e fún un. Ó gbà á, ó dojú kọ wáyà rẹ̀ padà, kò sì wò mí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹnu tẹ́sítà náà ò dúró lójú kan lórí wáyà.